Ẹ̀yìn Pákó

Bàbá mi kì í kọ ìṣirò sínú ìwé.
Eruku igi ti jẹ ojú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́
nílé ìlagi, níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Igbó;
ìlà inú ìwé, ó ní bí eèrà ló ń rìn lójú òun.
Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí orúkọ Mọ́rẹ̀nikẹ́ jáde ní Àgọ́-Ìwòyè,
pákó ọ̀mọ̀ kan ló gbé ka orí tábìlì,
ó gbẹ́ pẹ́ńsù pupa rẹ̀ títí ó fi ṣonṣo,
ó ní, "Ẹ jókòó. Ayọ̀ ti tó. Èló ni?"

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń kà á lójú fóònù, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀:
owó ilé-ìwé, owó yàrá, owó ìwé,
owó ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ń po kẹ́míkà,
owó kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà fún.
Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá.
Bàbá fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì
bí ẹni ń sàmì ibi tí ayùn yóò gbà.

"Ọ̀kẹ́ márùn-ún, tèmi." Kò wojú ẹnì kankan.
Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ tí agbada gààrí ti jó:
"Ọ̀kẹ́ mẹ́ta, bí àjọ bá kàn mí."
Ẹ̀gbọ́n Màmá pariwo lórí fóònù láti Mùṣin,
"Ọ̀kẹ́ méjì! Ṣé ọmọ mi kọ́ ni?"
Èmi náà ní ọ̀kẹ́ méjì.
Mọ́rẹ̀nikẹ́ ní òun á máa dirun fún àwọn ẹgbẹ́ òun,
ọ̀kẹ́ kan.
Bàbá ní, "Rárá o, ìwé lo fẹ́ lọ kà."
Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kó san án.
Ibi tí owó ẹni bá wà, ojú ẹni kì í kúrò níbẹ̀."

Ó ku ọ̀kẹ́ kan tí kò lórúkọ.
Kó máa tilé lọ ńkọ́? Orù ló máa gbà, ọ̀kadà kan ni.
Òjò ńkọ́? Ilẹ̀ tó máa ń ṣú ńkọ́?
Wọ́n ní Ìjẹ̀bú mọ owó kà. Òótọ́ ni.
Owó tí kò sí la kà lálẹ́ ọjọ́ náà,
a kà á wọ ọ̀gànjọ́.

Nígbà tí owó yóò fi pé, fóònù Mùṣin ti kú.
Ọ̀kẹ́ kan di mẹ́ta.
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta mi sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi,
owó fíríìdọ̀ọ̀mù níbi iṣẹ́ jórinjórin:
owó ìrẹsì, owó mínírà, owó ìwé ẹ̀rí inú férémù.
Mo lọ gbà á. Mo ní, "Kò sí wàhálà."
Irọ́ ni.
Ọdún méjì ni mo tún fi jẹ́ ọmọṣẹ́.
Ẹni tí mo kọ́ bó ṣe ń di iná mú
di ọ̀gá níṣojú mi, ó ń rán mi ní omi.
Bí Mọ́rẹ̀nikẹ́ bá wálé, tó ń ròyìn ilé-ìwé,
mo máa ń yí rédíò sókè.

Lọ́dọọdún, Bàbá á fi rándà fá ìṣirò èṣí kúrò,
á kọ tuntun.
Pákó ń fẹ́lẹ́. Lọ́dún kẹrin,
ó ń dún lọ́wọ́ bí ìdérí páálí.

Lánàá, ó ní kí n bá òun gbé e kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ọwọ́ mi ṣèèṣì yí i padà.
Ní ẹ̀yìn, níbi tí rándà ò dé rí,
pẹ́ńsù pupa, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba:
A JẸ FỌLÁRÌN NÍ Ọ̀KẸ́ MÁRÙN-ÚN.
Ẹnì kan ti fi báírò fa igi lé "A",
ó kọ "Mo" sórí rẹ̀, ṣín-ń-ṣín,
lọ́wọ́ ìkọ̀wé ẹni tó ń po kẹ́míkà.

N ò lè sọ̀rọ̀.
Bàbá ní, "Rọra gbé e o.
Ó ti fẹ́lẹ́."